Ọwọ́ Tí Ń Tẹ́ Ọ̀rá

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Nùrẹ́nì Àkànmú Ayọ̀rìndé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, ọmọ bíbí ìlú Ìwó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń rẹ aṣọ láró. Ní ọdún 2001 ni ó dé Ṣàngó-Ọ̀tà pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, kò sì pé oṣù kan tí ó fi rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Kì í ṣe ọ̀rá tí a fi ń di ẹ̀wà lọ́jà. Ọ̀rá tí àwọn olóògùn fi ń di hóró oògùn ni, èyí tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá to mẹ́jọ rẹ̀ lé ara wọn, ìnípọn wọn kò ju ti irun orí kan lọ.

Ìdí ẹ̀rọ ni Nùrẹ́nì ń dúró sí, níbi tí ọ̀rá náà ti ń jáde láàárín rólà irin méjì, tí ó sì ń wé mọ́ ọ̀pá páálí kan títí yóò fi di róòlù tí ó tóbi tó àgbá epo. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọ̀rá náà má ṣe hunjọ. Ohun tí ó bá fẹ́lẹ́ tó báyẹn kì í gba ìfà kí ó má fi hàn lára. Bí rólà bá fà á jù, yóò sún kì láti ẹ̀gbẹ́, ìlà gígùn gígùn yóò sì yọ lára rẹ̀ bí iṣan ọrùn ẹni tí ń pariwo. Bí rólà kò bá fà á tó, yóò dẹ̀, yóò sì ká lé ara rẹ̀. Ibi tí ó bá ti hunjọ ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, oògùn yóò sì ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ aláìsàn.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan róòlù tí ó ń yí. Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Sùlè, ti kọ́ ọ ní bí a ti ń fọwọ́ kàn án.

“Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn sílẹ̀,” ni Sùlè wí fún un lọ́jọ́ náà. “Ṣé ìbọ̀wọ́ ni yóò sọ fún ọ pé ọ̀rá ń bínú?”

Ó fi hàn án bí a ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ lásán ra ojú róòlù láti àárín lọ sí etí, kí ìhunjọ náà lè sá jáde. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, ó gbọ́dọ̀ yára, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dúró lójú kan. Nígbà tí Sùlè fẹ̀yìn tì, Nùrẹ́nì nìkan ni ó kù tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dójú àmì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo iléeṣẹ́ fi ń pè é ní Áyọ́ọ̀nù, nítorí pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá kọjá lórí ọ̀rá tí ó rún, a ó rò pé wọ́n lọ̀ ọ́ ni. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ó ti gbé e dé ilé rẹ̀ ní Alápòtì, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ̀ ọ́n.

Àṣà kan tún wà níbẹ̀. Ọ̀rá tí ó bá bàjẹ́ kì í ṣòfò. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa lọ́ ọ di okùn. Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi ń so ẹrù, òun ni wọ́n fi ń fa omi, òun náà ni wọ́n fi ń di ṣòkòtò mọ́ ìdí. Ní ọdún 2016, àwọn aláṣẹ fi ilẹ̀kùn irin kan dí iwájú rólà. Bí ènìyàn bá ṣí i, swíìṣì kékeré kan lára férémù rẹ̀ yóò pa ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kú, ogójì ìṣẹ́jú ni ó ń gbà kí ọ̀rá tó tún máa jáde bí ó ti yẹ. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi fara dà á. Nùrẹ́nì lọ́ okùn ọ̀rá kan, ó fi so swíìṣì náà mọ́lẹ̀ kí ó má baà mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Okùn náà sì wà níbẹ̀ fún ọdún méje.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni súpáfáísọ̀ wọn, Akíndé, kó wọn jọ pé ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀ ní oṣù kìíní. Rólà kan wà nínú rẹ̀ tí ó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìtẹ̀ náà ni yóò máa fẹ ọ̀rá lọ sí apá ọ̀tún àti apá òsì kí ó má baà hunjọ. Kò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ń dúró sídìí róòlù yóò sinmi bí ọdún bá ti parí.

Fàlílù, tí ó ń rọ ike sẹ́nu ẹ̀rọ wọn ní ìkángun kejì, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Áyọ́ọ̀nù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Nùrẹ́nì kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ tí ó wà ní Ṣàngó títí dé Àgbárá kì í gba ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún síṣẹ́. Yàtọ̀ sí pé ó lè tẹ́ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó má hunjọ, kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni Dókítà Olúwafúnmiláyọ̀ Ṣóbándé wá sí iléeṣẹ́ náà. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan tí kò jìnnà sí Ọ̀tà, kò sì tíì pé ogójì ọdún. Ọ̀rá tí ó hunjọ ni ó ní òun ń wá, ọ̀rọ̀ náà sì ya Akíndé lẹ́nu, nítorí pé èyí tí kò hunjọ ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Wọ́n fà á lé Nùrẹ́nì lọ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí n bi léèrè nípa ìhunjọ.”

“Ẹ káàárọ̀, mà. Èwo nínú wọn?”

“Ṣé wọ́n pọ̀ ni?”

“Márùn-ún ni mo lè pè lórúkọ. Àwọn tí n kò lè pè lórúkọ ni ó pọ̀.”

Ó gé ọ̀rá kan tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó di orí rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì rọra fà á. Ìlà tín-tìn-tín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀ láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì.

“Ẹ wò ó. Síwájú àti sẹ́yìn ni mo ń fà á, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń jìyà. Ibi tí a ti fà á kọ́ ni ó ti ń sún kì.”

Dókítà yí kórobá kan délẹ̀, ó jókòó lé e. Ó ní ọdún mẹ́rin ni òun fi kàwé kí òun tó lè fi ìṣirò sọ ohun tí ó sọ yẹn. Ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ tirẹ̀ fún un. Ìpele lórí ìpele ni èédú tí ó wà nínú pẹ́ńsùlù. Bí a bá yọ ìpele kan ṣoṣo sọ́tọ̀, èyí tí a kò lè dín mọ́, gírááfììnì ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ lé ara wọn, nígbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ nípọn tó ọ̀rá ọwọ́ Nùrẹ́nì.

“Òun náà ń hunjọ?”

“Ó burú ju tiyín lọ. Orí bàbà gbígbóná ni a ti ń ṣe é. Bí bàbà bá tutù, yóò sún kì, ṣùgbọ́n èédú orí rẹ̀ kò ní sún kì. Èyí tí ó ṣẹ́kù kò ríbi lọ, ó sì dìde dúró bí ebè.”

“Bí agbádá tí aṣọ inú rẹ̀ sún kì lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́.”

“Gẹ́lẹ́! Níbi tí ó bá sì ti hunjọ, iná mànàmáná kì í gba ibẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba ibòmíràn. Èédú kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ti yí padà.”

Fàlílù, tí kò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé òun, na ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i. “Dókítà, ẹ fa èyí ya.” Ó fà á, ó ya bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nùrẹ́nì mú irú rẹ̀ kan náà, ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí ó fi di okùn. “Ẹ fa èyí náà.” Dókítà fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n, kò já.

“Ohun kan náà sì ni,” ni ó wí.

“Kì í ṣe ohun kan náà mọ́, mà. Nígbà tí ó tẹ́, ojú kan ni ìfà ń bá a, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ya. Nígbà tí ó ti hunjọ tán, gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń jà pọ̀.”

Dókítà wo okùn ọwọ́ rẹ̀, ó tún gbójú sókè wo èyí tí ó wà lára férémù ilẹ̀kùn irin.

“Okùn tọ̀hún ńkọ́? Kí ni ó ń dì mú?”

Fàlílù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Akíndé wọlé, ọ̀rọ̀ sì yí padà.

Kí oṣù náà tó parí, Dókítà ránṣẹ́ sí i. Ó ń wá ẹni tí yóò máa gbé gírááfììnì láti orí omi sórí díńgí. Ẹni mẹ́ta ni ó ti bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí Nùrẹ́nì bá lè tẹ́ mẹ́ta tẹ̀léra láìhunjọ, iṣẹ́ náà di tirẹ̀, kò sì ní máa wo ojú ẹ̀rọ tuntun kankan mọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni ó máa ń lọ. Yàrá náà tutù, ó sì dákẹ́ débi pé etí rẹ̀ ń pariwo fún un. Nínú abọ́ omi kan ni ohun náà ti ń léfòó lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oògùn jẹ bàbà abẹ́ rẹ̀ kúrò, ó dà bí èémí lójú díńgí. A ó ti díńgí bọ abẹ́ rẹ̀, a ó sì gbé e sókè wẹ́rẹ́. Omi tí ó bá há sí abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀tá, nítorí pé bí ó ti ń gbẹ ni yóò máa fa ìpele náà jọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Nùrẹ́nì rí i tí ìhunjọ kan ń yọ, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ra á lọ sí etí. Ó fàya láti òkè délẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀.”

“Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò tẹ́ ẹ?”

“Omi náà ni. Ẹ jẹ́ kí díńgí náà fẹ̀gbẹ́ ti nǹkan, kí omi fúnra rẹ̀ rìn jáde.”

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe láyé rẹ̀, kò sí èyí tí ó ṣòro fún un tó ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ láìjẹ́ pé ó rán an. Ní Sátidé kejì, ó tún ba méjì jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ bí a ti ń dúró: ó jẹ́ kí díńgí náà fẹ̀gbẹ́ ti nǹkan, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ abíyá, ó sì ń wò ó fún wákàtí kan gbáko bí ẹni tí òtútù mú. Ó di ìparí oṣù kẹwàá kí ó tó tẹ́ mẹ́ta tẹ̀léra. Dókítà fi ẹ̀rọ rẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná gba gbogbo ojú wọn kọjá bákan náà.

Wọ́n fún un ní lẹ́tà: yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá.

“Kí n má parọ́ fún yín,” ni Dókítà wí, “ọwọ́ yín ni mo gbà síṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi í sínú ẹ̀rọ yẹn mọ́.”

Ó ní òun ti gbọ́.

Mọ̀nsúrát, ìyàwó rẹ̀, ra òrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ó ti le bí awọ bàtà.

“Ọwọ́ yìí ti di ti yunifásítì o. Kò gbọdọ̀ gún iyán mọ́.”

“Ta ni yóò máa gún un?”

“Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún mú ọwọ́ kejì. “Bàbá Rùkáyátù, okùn tí ẹ so mọ́ ẹ̀rọ yẹn, ẹ tú u.”

“Ọjọ́bọ̀ tí mo bá ń dágbére fún wọn ni n ó tú u. Bí mo bá tú u nísinsìnyí, wọn yóò ní nítorí pé mo ti ríṣẹ́ ni mo ṣe fẹ́ ni wọ́n lára.”

“Bí ó bá wá ṣe ẹnìkan léṣe kí Ọjọ́bọ̀ tó dé ńkọ́?”

“Ọdún méje ni ó ti wà níbẹ̀.”

“Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn.”



Ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn dé. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù lọ́dún náà, afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Irú ìgbà báyìí ni ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá súnmọ́ ọn, tí irun apá a sì máa dìde bí ènìyàn bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ róòlù. Ìbọ̀wọ́ ni Nùrẹ́nì wọ̀ wá sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, òun náà ni ó sì wọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

“Ẹ wo oníbọ̀wọ́!” ni Fàlílù kígbe. “Dókítà, ta ni a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lónìí?”

Nígbà tí agogo mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, ìhunjọ kan yọ ní àárín róòlù. Nùrẹ́nì dín ìfà rẹ̀ kù, kò lọ. Ó fi kún un, ìlà kan di méjì. Akíndé wá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

“Nùrẹ́nì, ọ̀sán yìí ni ọkọ̀ àwọn olóògùn ń bọ̀, róòlù mẹ́ta ni ó sì ti bàjẹ́ láti àárọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí a pa á, ọ̀gá, kí a sì tún ọ̀rá náà fà láti ìbẹ̀rẹ̀.”

“Ogójì ìṣẹ́jú? Rárá o. Ọwọ́ rẹ dà?”

“Áyọ́ọ̀nù ti tutù, ọ̀gá,” ni Fàlílù wí láti ìkángun kejì. “Yunifásítì ti yọ ọ́ kúrò nídìí iná.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nùrẹ́nì ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ abíyá, ó sì ń wo róòlù náà. Ìlà méjì di mẹ́ta. Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ bọ àpò, ó sì ṣí ilẹ̀kùn irin. Ẹ̀rọ kò dúró.

Ó ra ọwọ́ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ìlà náà sá lọ sí etí, ojú róòlù sì ń dán.

“Ó ti lọ!” ni Fàlílù pariwo. “Áyọ́ọ̀nù ṣì gbóná!”

Bí ó ti ń fa ọwọ́ padà, etí ọ̀rá náà là, abala kan tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sì dìde, nítorí ọyẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí i ní àìmọye ìgbà. Bí ó bá gbọn ọwọ́, yóò ya. Ó gbọn ọwọ́. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n náà ni ó kó ọ̀rá jọ: ohun tí ó tẹ́ di ohun tí ó ká, ohun tí ó ká di ohun tí ó lọ́, róòlù sì tún yí i ká ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà yẹn, ó ti di okùn.

“Fàlílù, pa á,” ni ó wí. Kò pariwo. Fàlílù ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tí ó rí ojú rẹ̀, ó sáré. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni ó wà láàárín rẹ̀ àti bọ́tìnnì pupa tí ń pa ẹ̀rọ. Akíndé di okùn tí ó so swíìṣì mọ́lẹ̀ mú, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Kò já. Lẹ́yìn tí Fàlílù tẹ bọ́tìnnì náà, róòlù kò tíì dúró, nítorí ó wúwo. Nígbà tí ó dúró, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ìhunjọ kankan lórí rẹ̀ àfi ibi tí ọwọ́ Nùrẹ́nì wà.

Abẹ ni wọ́n fi gé e jáde. Kí ọkọ̀ tó gbé e kúrò lọ́gbà, ẹnìkan ti fi abẹ kan náà gé okùn ara swíìṣì, ó sì sọ ọ́ sínú iná. Nínú ìwé tí Akíndé kọ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ, ó ní òṣìṣẹ́ náà ṣí ilẹ̀kùn ní ìlòdì sí òfin. Òótọ́ ni. Kò kọ ohun mìíràn.

Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ṣóbándé wá sí ilé ìwòsàn. Mọ̀nsúrát dìde fún un lórí àga. Ọwọ́ tí wọ́n dì ní báńdéèjì ti wú, àwọn ìka tí ó yọ síta ti dúdú.

“Mo fi í sílẹ̀, mà,” ni Nùrẹ́nì wí. “Mo kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Ẹ bi Fàlílù.”

“Mo gbà yín gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé ọwọ́ òsì lè gbé díńgí?”

Dókítà wo ilẹ̀. “Ẹ sinmi ná,” ni ó wí.

Ní agogo méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọjọ́ tí ó ní òun yóò tú okùn náà, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún Nùrẹ́nì Àkànmú Ayọ̀rìndé ní ìwọ̀n ìbú ìka mẹ́rin sí òkè ọrùn-ọwọ́.